Iṣẹ́ Dókítà Tí N Kò Jẹ́ fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì ṣépè fún mi. Ìyá ọkọ mi ń gbààwẹ̀ oṣù méjì lọ́wọ́ níbí ní Ìlobù, torí wọ́n gbà pé àwọn ló ṣèèṣì pa ìyàwó ilé. Èmi ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti pa á mọ́ra.

Ràbí lorúkọ ìyàwó náà. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré ní Ìfọ́n. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í léròrò, tó ń degbò, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Èmi yìí ni mo mú un wá sí yàrá mi, tá a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, kí ló ṣe? Ó lọ gbà fún ọkọ mi lẹ́yìn mi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì ni mo tó gbọ́. Háà! Ẹni tá a jọ ń jẹun! Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́dún kejì tó wọlé ọkọ wa, egbò náà padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì wú. Ọkọ wa wà lóko. Èmi ni mo bá a wọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níta nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí wọlé, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní irú àrùn awọ ara yìí a máa dì nígbà mìíràn, pé ó ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ti kún, ká padà wá lọ́túnla.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ kìlọ̀ nílé o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá ṣí kúrò níbẹ̀, ó lè pa á.”

Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n n ò sọ ọ́ fún Ràbí fúnra rẹ̀ pàápàá.

Ẹ mọ̀ pé tẹ́sẹ̀ bá wú lọ́dọ̀ wa, omi gbóná àti òrí la fi ń wọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ló ń wọ́ gbogbo agboolé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé omi gbóná dé. “Àṣàbí, kí ni dókítà wí?”

“Wọ́n ní kó sinmi ni, Ìyá.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó jẹ̀rora díẹ̀ ni, kó mọ bó ṣe ń dunni. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ náà, Ràbí ń ké. Ó ní, “Ìyálé mi, ẹ bá mi bẹ Ìyá kí wọ́n rọra.” Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́ tó fi di àyà mú, kò lè mí mọ́. A ò tí ì kírun àlàásárì tó fi kú.

Àwọn ará Ìfọ́n ní ọwọ́ Ìyá ló pa ọmọ àwọn, Ìyá náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ò wọ́ ọmọ tuntun kankan mọ́. Láìpẹ́ yìí ni ààfáà sọ fún wọn pé ààwẹ̀ ni ìtánràn rẹ̀. Arúgbó kùjọ́kùjọ́! Òòyì ń kọ́ wọn, síbẹ̀ wọn ò gbà láti ṣínu.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi á lé mi, n ò sì lójú tí mo lè fi padà sí Ìfọ́n. Bí mo bá dákẹ́, ààwẹ̀ yìí lè gbẹ̀mí wọn. Láàárọ̀ yìí, Ìyá ní kí n wá bá àwọn tọrọ kí Ọlọ́run dárí ji àwọn. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo ń ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?