Súwẹ́tà Ìyá Ẹgbẹ́

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè fi gé òwú láìwá abẹ... Tóyìn, ṣé fóònù tó o gbé síwájú mi yìí ti ń gba ohùn? Ó ti ń gbà á. Ó dáa. Má gbé e sún mọ́ mi jù, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ sínú.

Mo ní nígbà tí eyín mi ṣì pé, àwa náà hun fìlà ọmọ tuntun. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é. O wá síbí lánàá, o ní ẹgbẹ́ yín ní Ìlọrà ń fi òwú tó ṣẹ́ kù hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ fẹ́ kó wọn lọ fi ta àwọn ọmọ tuntun lọ́rẹ ní Awẹ́. Mo ní kó o jẹ́ n rí i. Kí lo kọ́kọ́ fi hàn mí? Bánà. Bánà tó gùn ju ilé ìdáná mi lọ, tí ojú ààrẹ yín kún un, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí àwọn ọmọ náà. Mo ní fìlà ńkọ́? O fa díẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, gbogbo ẹ̀ ò kún ọwọ́ mi. Ẹ gbọ́, ta lẹ ń ta lọ́rẹ gan-an, ọmọ ni àbí bánà?

Ó dáa... ẹ jẹ́ n sọ tiwa.

Ní Fìdítì níbí, ọyẹ́ máa ń mú tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọyẹ́ tòní tó kàn ń yọjú tó tún ń sá lọ. Ọyẹ́ ìgbà náà, ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á la, omi inú àmù ò ní ṣeé fọwọ́ kàn láàárọ̀. Àwa obìnrin ìjọ wá ń hun fìlà lọ sílé ìgbẹ̀bí. Wúùlù la fi ń hun ún, òwú súwẹ́tà yẹn tó máa ń rọ̀. Ta ló lówó wúùlù nígbà náà? Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tán ni tíṣà wọn ń kó fún wa, pẹ̀lú èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Inú àpò kan la ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ ni àpò ń gbé, torí pé àwọn ni olórí wa.

Ìyá Ẹgbẹ́... Obìnrin gíga, ọlọ́rùn gígùn. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà, àwọn ewúrẹ́ tó sùn sí ìta á dìde. Òwe kan ni wọ́n ní, wọn kì í pa òmíràn: "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́." Wọ́n á pa á tán, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fún ọ ní òwú tí kò tó so ẹnu àpò gàárì. O ó wá so pupa mọ́ àyìnrín, o ó so àyìnrín mọ́ funfun, fìlà á dà bí aṣọ eégún. Tó o bá ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, wọ́n á ní òwú ò sí.

Òwú ò sí, àbí? Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ẹgbẹ́ wọlé nínú súwẹ́tà tuntun. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Ó dé ọrùn ọwọ́, ó bo ìdí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ṣé ẹnì kankan bi wọ́n ni? Èmi tí mò ń ká òwú fún ẹgbẹ́, ṣé mi ò dá wúùlù aláwọ̀ ọsàn tí tíṣà kó wá mọ̀ ni? Gbogbo wa la mọ̀. Gbogbo wa la sì kí wọn, "Ẹ kú ọ̀ṣọ́ o, mà." Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́, àwa tún ń kí i kú iṣẹ́. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí nígbà náà, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọyẹ́ yẹn náà ni Sàfú bí ìbejì. Ẹ ò mọ Sàfú. Ìyàwó àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ni, Mùsùlùmí ni wọ́n, a jọ máa ń fọn iná lọ́wọ́ ara wa. Ó ti bí ìbejì rí. Ọ̀kan lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, èkejì ò pẹ́ tó fi tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ilé ọkọ ẹ̀ wá ń sọ fún un pé òun ló fà á, pé ohun tó ṣe fún Táyé, kò ṣe é fún Kẹ́hìndé. Ẹ gbọ́, ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ... Ẹ̀rù yẹn ni Sàfú gbé wọ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn ìbejì tuntun náà sì kéré. Kẹ́hìndé ló wá kéré jù, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù kan orí ẹ̀ rárá.

A fi apẹ̀rẹ̀ kó fìlà dé. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ṣáájú, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Wọn ò dúró gbọ́ pé ìbejì ni. Wọ́n yọ fìlà aláwọ̀ ọsàn kan, èyí tí wọ́n fi òwú tó kù lẹ́yìn súwẹ́tà wọn hun. Àjẹkù inú àjẹkù. Wọ́n dé e fún Táyé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pa òwe wọn. A ṣe àmín. Sàfú wá rọra dúpẹ́, ó ní ti Kẹ́hìndé ńkọ́?

Wọ́n wo inú apẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣọ eégún nìkan ló kù.

Sàfú ò gbà á. Ó ní ohun tí Táyé bá dé ni Kẹ́hìndé máa dé. Wọ́n ní kó bọ́ ti Táyé nígbà náà, kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní aláràbarà. Ó ní a kì í fún ìbejì ní nǹkan tán, ká tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Inú bí Ìyá Ẹgbẹ́. Wọ́n ní aláìmoore ni, pé ẹni tí a bá fún lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣà á.

Sàfú gbá Kẹ́hìndé mọ́ àyà, ó fi etí ìró bo orí ẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀. Ó ní, "Mà, mo ti sin méjì. Ẹ má fi àánú yín pa èyí fún mi."

Ẹni tó bá wù kó máa sọ pé ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ ni, kó máa sọ ọ́. Èmi wà níbẹ̀. Oyún wà nínú mi lọ́jọ́ náà, orí mi wú.

Ìyá mi ló dá sí i. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n, wọ́n ju Ìyá Ẹgbẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, wọn kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Wọ́n wo fìlà orí Táyé, wọ́n wo súwẹ́tà, wọ́n tún wo fìlà. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹgbẹ́, òwú ti yọjú. Ọmọ tó fi ránṣẹ́ sí ọ láti Ìbàdàn ò ní bínú. Bọ́ ọ."

Ìyá Ẹgbẹ́ ní òtútù ń mú àwọn. Ìyá mi ní àgbà sì rèé lọ́jà, orí ọmọ tuntun ló ń wọ́ yìí.

Wọ́n bọ́ ọ. Kí ni wọn ò bá ṣe? Apá kan ni wọ́n gbà ká tú. Òwú tí a fi abẹ́rẹ́ hun, tó o bá ti rí ìdí ẹ̀, tó o fà á, kò ní bá ọ jà. Ìyá mi ń fà, èmi ń ká, ẹnì kan ti gbé abẹ́rẹ́, ó ń hun. Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n ń wo apá súwẹ́tà wọn bó ṣe ń kúrú, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, láti ìgúnpá lọ sókè. Kí oòrùn tó wọ̀, Kẹ́hìndé ti dé fìlà. Ọ̀kan náà ni, òun àti Táyé. Sàfú wò wọ́n títí, ó wá sùn. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì sùn látìgbà tó ti bímọ.

Ẹ rò pé ó tán? Ọ̀rọ̀ kì í sùn ní Fìdítì. Gbogbo ẹni tó bá ti bímọ, tí a bá gbé fìlà lọ, á ní ti aláwọ̀ ọsàn lòun fẹ́. Ìyá mi á ní ká lọ kí Ìyá Ẹgbẹ́. A ó lọ kí wọn. Apá kejì lọ... ọrùn lọ... ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa kásẹ̀ ńlẹ̀, bọ́tìnnì nìkan ló kù. Tó o bá wo àwọn ìyá níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí orí ọmọ ń pọ́n lọ súà lẹ́yìn wọn, o ó rò pé ọjà ọsàn ni.

Ìdúpẹ́ ìparí ọdún dé. Ìyá Ẹgbẹ́ dìde níwájú ìjọ, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún àwọn lọ́kàn láti bọ́ aṣọ ọrùn àwọn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o. Ikọ́ gbé ìyá mi níbi tí wọ́n jókòó sí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí omi bù fún wọn.

Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ kú, wọ́n tún kà á nínú ìtàn ayé wọn. Kẹ́hìndé wà níbẹ̀, ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ó ń sunkún nítorí màmá tó bọ́ súwẹ́tà fún un. Sàfú jókòó tì mí. Mo bi í pé ṣé kò sọ òótọ́ fọ́mọ ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Adé, ọmọ mi yè. Kí ni mo tún ń wá?"

Bóyá òun ló gbọ́n. Èmi ò lè ṣe bíi tiẹ̀, inú ṣì ń bí mi títí dòní olónìí. Ẹ sì ní ayé ti là... Ẹni tó bá jẹ nínú àpò nígbà tiwa, ó kéré tán, á purọ́ pé ọmọ ló fi ránṣẹ́. Lóde òní, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún tẹ ojú ara wọn sí bánà.

Tóyìn, bẹ́ ẹ bá dé Awẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ pé kí ló ń fẹ́, kẹ́ ẹ tó dé ọmọ ẹ̀ ní fìlà. Kẹ́ ẹ sì tó kúrò nílé, wo ara ààrẹ yín dáadáa. Tó bá wọ súwẹ́tà tuntun, má bá a jà, má pariwo. Wá ìdí òwú ẹ̀, kó o fà á.