Ohùn Màmá Tóyìn Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n yọ Màmá Tóyìn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí àṣìṣe tí èmi ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Màmá Tóyìn kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò mọ̀ ọ́n. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ohun tí mo rí ní ìlú Ìrẹ̀lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba orin sílẹ̀, kí n sì tò ó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkìtìpupa ló ní kí n wá gba orin ìkórè wọn sílẹ̀. Màmá Tóyìn ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Bí obìnrin yẹn bá lé orin, á dà bíi pé ìkùukùu òwúrọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí oko ọ̀pẹ. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó ń lé orin a máa kọjú sí pẹpẹ fún ẹsẹ kan, a sì yíjú sí ìjọ fún èkejì. N kò lè ní kí ó dúró sójú kan. Mo gbé máìkì kan síwájú rẹ̀, mo gbé èkejì sẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n kọ́ mi pé tí máìkì méjì bá dojú kọ ara wọn lórí ìlù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, igbì ohùn wọn máa ń tako ara wọn, bọ́tìnì kan sì wà tí a máa ń tẹ̀ láti yí ọ̀kan padà. Ìlù ni ìyẹn wà fún. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ènìyàn.

Nínú íápíìsì mi, máìkì kan wà létí òsì, èkejì wà létí ọ̀tún, mo sì mú kí wọ́n ga bákan náà. Ó dùn. Ohùn rẹ̀ yí mi ká, ó gbòòrò, n kò mọ ibi tó ti ń wá mọ́. Mo di ojú. Mo rò pé ẹnì kan kò ṣe irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé orin náà jáde, mo pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ọ̀kan, kí ó má baà wúwo jù fún fóònù àwọn ará ìjọ, àti nítorí pé sípíkà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ibẹ̀ ni ohùn náà kú sí. Bí igbì kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. N kò tún gbọ́ ọ kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyẹn sí mi lọ́rùn pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ jókòó gbọ́ ọ. Ègbè, tó ní máìkì tirẹ̀, ń dún ketekete. Níbi tó yẹ kí Màmá ti lé orin, nǹkan bíi mímí ni a gbọ́, bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

"Ìyá, ṣé ẹ gbàgbé ohùn sílé lọ́jọ́ náà ni?" ni olórí akọrin wí. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín.

Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí níwájú gbogbo wọn bóyá ẹ̀rọ mi dára.

"Ó dára, sà," ni mo wí.

Ó ní a ti fi hàn òun pé obìnrin náà ń fi nǹkan pamọ́, ìdí nìyẹn tí Ẹ̀mí fi gba ohùn padà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ mẹ́fà ṣe ìpàdé. Wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́. Kò rí nǹkan kan jẹ́wọ́. Wọ́n gba sùtánà akọrin lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí àṣìṣe náà. Mo ti gbé ohùn rẹ̀ sókè títí, kò yàtọ̀. Mo wá pa máìkì kan lẹ́nu mọ́, láti fi dán an wò, ohùn náà sì jáde. Mo jókòó bí ẹni tó jí lójú oorun tí kò dá a lójú pé òun ti jí. Mo tún orin náà ṣe, mo gbọ́ ọ dé òpin, mo sì pa kọ̀ǹpútà. N kò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ojú tì mí. Injiníà ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo ti sọ Wòlíì di òpùrọ́ lórí pẹpẹ. Ìdí ni mo ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Ìrẹ̀lẹ̀, mo sì bá Màmá Tóyìn níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kó lọ bá. Ó ń yan púpurú ẹ̀gẹ́ lórí iná, èéfín bò ó títí dé èjìká. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń fọwọ́ lù ú nídìí, kò sì kọ orin kankan sí i.

"Màmá, ẹ kọrin fún un ná," ni mo wí.

"Ohùn wo? Ṣebí ìwọ náà gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ, ọmọ mi. Kò sí níbẹ̀." Ó yí púpurú kan padà. "Mo ti wádìí ara mi títí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bóyá ó kéré ni."

N kò sọ fún un. Mo dúró síbẹ̀, mo ra púpurú, mo sì lọ. Ìyẹn burú ju bọ́tìnì lọ.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ohùn yín kò lọ síbì kan. Orin náà wà lọ́wọ́ mi, n óò gbé e wá fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé, n óò sì dọ̀bálẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́. Ẹ̀yin àgbà mẹ́fà, ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń lé orin lójú yín. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ó dúró níwájú yín tòun ti ọ̀fun rẹ̀. Kí ló dé tí ẹnì kan nínú yín kò ní kí ó kọrin? Wòlíì, ta ló fi hàn yín pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè níwájú ìjọ níbi tí ẹ ti dójú ti obìnrin náà. Ọjọ́ wo ni ẹ máa kà á?