Nọ́ńbà Tí Mo Tẹ̀ Sínú Fóònù Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin ará èbúté, ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkàn mi ti tóbi jù. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, ìdí mi ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó tóbi, ta ló tún sọ ti ọkàn fún ọ?" Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín ni mo mọ̀ pé ilé ti ń pè mí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde.

Ìyá Onítíì lẹ mọ̀ mí sí. Abẹ́ agboòrùn ńlá ẹ̀gbẹ́ géètì èbúté ni mò ń jókòó sí, mò ń ta tíì àti búrẹ́dì, mò ń ta káàdì fóònù, mo sì máa ń gba fóònù àwọn apẹja sílẹ̀ láti fi iná sí i, torí omi òkun kì í jẹ́ kí fóònù pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ariwo ẹnu mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí kálukú máa fi san owó èbúté. Kí ọkọ̀ tó jáde láàárọ̀, wàá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ ránṣẹ́. Owó á kúrò nínú fóònù, èsì á wọlé pé wọ́n ti gbà á, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ á sì bọ́ sínú ìwé àwọn ọkọ̀ tó wà lójú òkun lọ́jọ́ náà. Ìwé yẹn ni akọ̀wé èbúté máa ń yẹ̀ wò nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ tí kò tíì dé, àwọn adóòlà ẹ̀mí á lọ wá a. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá a. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí kò bá san fún ọjọ́ méje tẹ̀léra, wọ́n á gba ààyè ìgúnlẹ̀ rẹ̀ létí omi fún ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ apẹja kò mọ̀wé. Èmi mọ̀ ọ́n díẹ̀, ẹnu mi ló jẹ́ kó dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba tíì ni wọ́n ń na fóònù sí mi: "Màmá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́." Èmi náà á wá gbé gíláàsì ojú mi ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ̀, màá fẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì bí ọ̀gá báńkì.

Jẹ́jẹ́ wà lára wọn. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lo ọkọ̀ nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A ń pè é ní Jẹ́jẹ́ torí kì í kánjú sí nǹkan kan. Ife tíì kan ṣoṣo, á mu ún títí oòrùn á fi yọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan, "Jẹ́jẹ́, ṣé o máa mu tíì yẹn ni, àbí o máa gbé e níyàwó?" Ó ní, "Màmá, bó bá lè fọṣọ, màá gbé e."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ọmọ mi ọkùnrin, nọ́ńbà ọ̀kànlélógójì, ti wà lórí iyanrìn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́ keje nìyẹn. Ọmọ mi ti bẹ̀ mí títí: "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ààyè mi." Kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo tèmi ló sì wà nínú ọjà. Bí mo ṣe ń ronú lọ́wọ́ ni Jẹ́jẹ́ dé pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Màmá, lónìí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn fi hàn mí." Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé e wá jàre! Ìka tó nípọn bí àjẹ̀ yìí, ṣé o fẹ́ fọ́ fóònù ni?" Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti tẹ ọ̀kànlélógójì.

Mo sọ fún ara mi pé bó bá di ọ̀sán, màá fi owó ọjà tẹ tirẹ̀ ránṣẹ́. Kí inú rẹ̀ lè dùn, mo di fóònù náà mú níwájú rẹ̀: "Ó yá, ìwọ fúnra rẹ tẹ ibí yìí." Ó tẹ̀ ẹ́. Èsì wọlé. Ó fò sókè bí ọmọdé. "Màmá, mo ti mọ̀wé!" Ó fi fóònù sílẹ̀ fún mi, òun àti àbúrò rẹ̀ bá tiwọn lọ.

Ọ̀sán pọ́n. Owó ti pé lọ́wọ́ mi. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo lè sọ fún yín pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, irọ́ ni. Mo wo owó náà, ó wù mí, mo sì sọ ọ́ sínú àpò. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé tíì wọ ọ́fíìsì akọ̀wé. Ó ń ka ìwé rẹ̀. Ó pe ọmọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ̀ ọ̀kànlélógójì kò tíì dé." Ọmọ mi ní, "Ọ̀gá, orí iyanrìn ló wà. Kò tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnì nínú." Akọ̀wé pòṣé: "Ẹ̀rọ yìí tún ti ṣe tirẹ̀." Ó fi bírò fa ìlà gba orí nọ́ńbà náà. "Gbogbo ọkọ̀ ti dé nìyẹn." Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti tábìlì rẹ̀. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣì wà lójú omi. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ọ̀gá, ṣúgà mélòó?"

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ sáré wọlé láìní bàtà lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé sọ fún un pé, "Nọ́ńbà ọkọ yín kò sí níbí o, ìyá. Kò jáde láti ọ̀dọ̀ wa." Obìnrin náà kọjú sí mi. "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń bá a tẹ̀ ẹ́?" Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lónìí." Mo padà sábẹ́ agboòrùn mi, mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà àti èsì rẹ̀ rẹ́, kí n tó gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀.

Àwọn adóòlà ẹ̀mí kò kúrò lójú kan. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ kan láti èbúté mìíràn bá Jẹ́jẹ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti dojú dé. Òun nìkan ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ti yọ lára ọkọ̀, tí omi gbé e lọ.

Ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù? Rárá o. Nígbà tó lè rìn, ó wá bá mi. Kò gba tíì. Ó na fóònù sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mo tẹ̀?" Mo gbé gíláàsì mi wọ̀, mo ń wo fóònù tí mo ti fọwọ́ ara mi nù mọ́. Mo ní, "Bóyá ibi tí o tẹ̀ yẹn lo ti bà á jẹ́." Ó mi orí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo pa á nìyẹn." Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, àmúwá Ọlọ́run ni." Àní mo pe Ọlọ́run sí i! Láti ọjọ́ náà, kò wọ òkun mọ́, kò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ ní Oníka, pé ìka rẹ̀ ló pa àbúrò rẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ mi sì wà ní ààyè ìgúnlẹ̀ rẹ̀, ó ń ríṣẹ́, mò ń bá a jẹ.

Lánàá mo ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò dá àpárá kankan. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Aago mélòó ni akọ̀wé fa ìlà yẹn?" Mo ní aago mẹ́fà ni. Ó ní, "Àbúrò mi ṣì ń kọrin nígbà yẹn. Ó ní ká máa kọrin kí àwọn tó ń bọ̀ wá gbé wa lè gbọ́ ohùn wa." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ti èmi, màá rò ó. Ti àbúrò mi, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi dárí jì yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétí ìyàwó rẹ̀." Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, bí ẹnikẹ́ni bá na fóònù sí yín nítorí pé kò mọ̀ ọ́n kà, ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, ẹ kà á sókè fún un. Ẹ má pe Jẹ́jẹ́ ní Oníka mọ́. Ẹ lọ sílé rẹ̀ lónìí, ẹ kí i. Ìwọ ìyàwó àbúrò rẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò lójú tí mo lè fi wò ọ́. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Kí wọ́n ṣe bí ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ wá bú mi, wá. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn.