Ìdánwò Tí Kò Ṣeé Kó Jọ

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Galadimawa lọ sí Kuje ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n jókòó níwájú mi.

"Mọ́mì, mo tún fìdí rẹmi." Ìdánwò tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó lè dá ṣiṣẹ́ ayàwòrán ilé ni ọmọ náà ń sọ, ìgbà kejì rẹ̀ nìyí.

"Ṣebí o ní ilé tí o yà fún wọn dára?"

"Ó dára, mo yege níbẹ̀. Ìbéèrè ẹnu ni mo ti fìdí rẹmi."

"Ìbéèrè ẹnu tí o yege léṣìí?"

"Òun náà ni. Léṣìí, ilé yíyà ni mo ti fìdí rẹmi. Ìdáhùn tí mo fún wọn nígbà yẹn náà ni mo tún fún wọn. Kò yé mi rárá."

Ìyá náà ní, "Ṣé kò ṣeé kó jọ ni? Kí wọ́n mú tèṣí mọ́ tọdún yìí?"

"Wọn kì í kó o jọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn gbọ́dọ̀ yege nínú méjèèjì."

"A jẹ́ pé o mọ gbogbo rẹ̀," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́, "o kàn ò tíì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà ni."

Ọmọ náà yíjú sí i. "Mọ́mì, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ọmọ náà gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Màá padà lọ. Ṣùgbọ́n èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?"

Ìyá náà wo ìta láti ojú fèrèsé. "Èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi."