Òkè Tí Vardis Fẹ́ Fojú Rí

Gbé ẹran yẹn kúrò lórí tábìlì mi, Manousos. Mi ò jẹ, Vardis ọkọ mi náà ò jẹ. O pa ọ̀dọ́ àgùntàn, o bó o, o gbé e kọ́ èjìká wá sílé mi láàárọ̀ yìí bí ẹni tó wá kí ìyá ọmọ tuntun. Àbúrò mi, ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí màmá wa ń ká ólífì, ìwọ lo ṣe mí báyìí. Ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ ẹ sùn? Bàbá wa ti kú, àlùfáà ìlú wa sì rèé, ọ̀rẹ́ ìmutí ẹ ni.

Má sọ pé o ò mọ̀. O mọ̀. Mo jókòó tì ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún òróró nígbà òtútù, mo sọ fún ẹ látòkè délẹ̀ ohun tí dókítà ojú nílùú Chania sọ: pé ojú Vardis ń lọ, pé kò sí awò tó lè dá a dúró, pé ohun tó bá fẹ́ fojú rí, kó tètè lọ rí i. O sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àbí o ò sunkún? O tiẹ̀ fi aṣọ dúdú tó o wé sórí nu imú.

Kí ni ọkọ mi sì ní òun fẹ́ rí? Ṣé Amẹ́ríkà ni? Ṣé Áténì ló ní ká gbé òun lọ? Òkè ni. Òkè Funfun tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí, tí bàbá rẹ̀ máa ń mú un tẹ̀ lé ẹran gùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní ká fẹsẹ̀ rìn ín, èmi àti òun nìkan, ká máa sùn nínú ahéré olókùúta àwọn darandaran títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ sétí òkun lápá gúúsù. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ọkùnrin yẹn ò bá mi rìnrìn àjò kankan àfi ti ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí. Ìyàwó tí ojú ọkọ ẹ̀ ń fọ́, tó tún ń yọ̀.

Gbogbo ìgbà òtútù la fi ṣètò ẹ̀. Tá a bá jẹun alẹ́ tán, á kó kóró ólífì jọ, á máa tò ó sórí tábìlì yìí: èyí ni kànga, èyí ni ahéré bàbá mi, ibí yìí yìnyín kì í tètè yọ́, ká gba ẹ̀gbẹ́. Tí n bá ní ẹsẹ̀ mi ò lè gun ibì kan, á fa kóró kan sẹ́yìn, á ní, ó dáa, Argyro, ibí la ó sùn. Mo ti sá búrẹ́dì ọkà báálì gbẹ. Mo ti ń wọ bàtà tuntun rìn nínú ilé kó lè rọ̀. Oṣù karùn-ún la fẹ́ lọ, nígbà tí òdòdó bá ti yọ tí yìnyín sì ṣì wà lórí òkè.

Ìgbà yẹn lo dé. Pé kí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ gba ẹnu ọ̀nà ahéré ẹ kọjá nígbà tí ẹran ẹ ò tíì gòkè? Láìjẹ ẹran ẹ, láìmu ọtí rakí ẹ? Ojú wo lo fẹ́ fi wo àwọn darandaran ẹgbẹ́ ẹ? O ní ká dúró kó o rẹ́ irun àgùntàn ná, kó o wá ṣe wá lásè. Mo fojú sọ̀rọ̀ fún ẹ, mo fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ẹ lábẹ́ tábìlì, ńṣe lo túbọ̀ ń pariwo. Vardis ńkọ́? Ọmọ Krete ni. Sọ fún un pé inú ẹni tó fẹ́ gbà á lálejò máa bàjẹ́, á dìde nínú pósí. Ó kó kóró jọ sọ́wọ́, ó ní, a ó dúró de Manousos.

Òjò rọ̀, o ní irun ẹran tutù. Oòrùn ràn, o ní àwọn ìbátan wa láti Áténì ò tíì dé. Àsè ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ tóbi. Alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi na ọwọ́ sí kóró tó fi ṣe kànga, ọwọ́ ẹ̀ bọ́ sínú àwo ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá rẹ́ irun náà, o fi ẹran tó dáa jù lé e lọ́wọ́, o rẹ́rìn-ín sí i láìsọ̀rọ̀, ni Vardis bá tẹ̀ sí mi létí: Argyro, ta ló fún mi lẹ́ran yẹn? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lánàá, ó jókòó síta, ó kọjú sí ògiri ilé ìkẹ́rùsí aládùúgbò wa, ó ní kí n wo bí oòrùn ṣe ń pọ́n lórí yìnyín. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni òkè wà, Manousos. Yìnyín ti yọ́ tipẹ́. Kí ni kí n sọ? Mo ní mo rí i, ó pọ́n.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé kò bínú. Mo ń ṣẹ́ èpè fún ẹ, ó ní kí n dákẹ́, pé o fẹ́ ṣe wá lálejò ni. Láti ìdájí ló ti ń de okùn bàtà ní yàrá. Ó ní Manousos ti ṣe àsè ẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni ò lè bínú mọ́, ká máa lọ.

A ó lọ. Ìwọ lo máa gbé ẹrù. Ìwọ lo máa wà níwájú kó di èjìká ẹ mú. O ò ní pa ẹran kankan. Tá a bá dé téńté, níbi tí òkun ti yọ, tó bá ní ká wò ó, kó o wò ó, kó o sọ bó ṣe rí. Má kàn ní ó dáa. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá, àwọ̀ òkúta, ewúrẹ́ tó dúró sẹ́bàá ọ̀gbun, sọ gbogbo ẹ̀. Tí kùrukùru bá bo ibẹ̀, kó o purọ́ fún un, kó o pa irọ́ náà dáadáa, bó o ṣe ń purọ́ nílé ọtí.

Òun ló ń bọ̀ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ lò ń gbọ́ lára ògiri. Nu ojú ẹ. Má sunkún níbí, Manousos. Ojú ọkọ mi ló lọ, etí ẹ̀ ń gbọ́.