Epo Inú Kànga Hussainat

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n rí òjò tí ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ sin ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi. Kòkúmọ́ kọ́ ni ó ba kànga Hussainat jẹ́. Èmi ni, èmi tí gbogbo Ayétòrò ń pè ní Bàbá Tíṣà.

Ẹ rántí ọdún tí òjò àkọ́rọ̀ kọ̀ tí kò rọ̀, tí omi ẹ̀rọ ìjọba sì ti dá tipẹ́. Kànga mi gbẹ. Hussainat tí ó múlé tì mí gbẹ́ tirẹ̀ jìn sí i, ó ra ẹ̀rọ tí ń fa omi. Bí ẹ̀rọ náà bá ti dún, èmi a lọ yọjú sínú kànga mi, á sì dà bí ẹni pé omi ń yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi lọ bá a. Ó ní kí n máa wá pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo wí nínú ọkàn mi pé omi mi ni ó fi ń ṣe mí lóore. Ẹ wo irú ọkàn burúkú!

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, nígbà tí ilé dá páropáro, mo da kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kan sínú kànga rẹ̀. Ọwọ́ Kòkúmọ́ ni mo ti rà á, ẹni tí ń bá àwọn onífàyàwọ́ tọ́jú epo. Nígbà tí omi Hussainat bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí ẹ sì pé jọ, ojú Kòkúmọ́ ni gbogbo yín ń wò. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn, kẹ́ẹ̀gì mi kò jò rí." Mo dá a lóhùn pé, "Abẹ́ ilẹ̀ ni epo náà gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ." Ẹ lé e. Ó gun ọ̀kadà, ó di Ìmẹ̀kọ.

Nígbà tí òjò dé, omi padà sínú kànga mi, epo sì bá a wá. Irọ́ tí mo fi lé Kòkúmọ́ ti ṣẹ sí mi lára. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò pe ẹni tí ó mọ̀ nípa omi wá yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì mọ ibi tí epo náà ti wá. Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Hussainat wá pọn omi lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, omi yìí ń rùn bíi tèmi." Mo ní garawa rẹ̀ ni kò mọ́. Ó tọrọ àforíjì, ó sì gbé omi náà lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òjò kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́, omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò sì ní ògiri. Ẹ jókòó, kí ẹ fẹnu kò sí bí ẹ ó ṣe máa fà á. Ẹ dí kànga mi. Ẹ lọ mú Kòkúmọ́ wálé, kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Hussainat, dárí jì mí. Garawa rẹ mọ́.