Wọ́n Ní Ọlọ́run Ló Já Wáyà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kọ́kọ́ foríjì mí. Orí mi ò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan dání mọ́. Ohun tí mo bá gbàgbé, ẹ má pè é ní irọ́. Àdùkẹ́ ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí n ò mọ̀wé, òun náà ló máa kà á fún yín ní Sọ́ńdè. Èmi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn, ta ló gbọ́ ohùn mi rí? Ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé gbé mì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun gé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi yìn ín! Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o. Àdùkẹ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń dúpẹ́ yìí.

Iṣẹ́ ojú omi ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Inú tọ́ọ̀gì ni mo wà, ọkọ̀ kékeré alágbára tó máa ń fa báàjì ẹlẹ́rù. Èmi ni mò ń so wáyà tó ń fa báàjì mọ́ ọkọ̀. Wáyà ọ̀hún ti gbó. Ó ti ń tú, ó ti ń yọ ẹ̀gún, ó ń ya wá lọ́wọ́. Kápútéènì sọ fún Mánéjà kọ́ńpìnnì wa ní jẹ́tì, èbúté tá a ti ń gbéra, lójú mi. Mánéjà ní ká ṣì máa lò ó, tuntun wà lọ́nà. Ọ̀nà wo? Ṣé ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni?

Wáyà já. Ó nà mí lẹ́sẹ̀ ọ̀tún bí ẹni na ejò. Egungun yọ síta. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọdé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n tẹ́ mi sórí jẹ́tì. Mánéjà sáré dé, òun àti akọ̀wé rẹ̀. Ó lóṣòó tì mí. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, kí ni Yorùbá máa ń sọ? Tí ilé bá jó, tí wọ́n bá wá kí èèyàn, kí lèèyàn fi ń dáhùn? Mo ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mánéjà àti akọ̀wé rẹ̀ mú. Wọ́n sọ ọ́ di òyìnbó nínú ìwé wọn. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo fẹnu ara mi sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n ní kí àwọn dókítà to egungun náà, wọ́n sì kẹ̀yìn sí mi. Ẹsẹ̀ ò jinná. Ó ń kẹ̀, ó ń ṣọyún. Dókítà ní àfi kí wọ́n tún un ṣe kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n máa gé e látorí orúnkún. Mo ránṣẹ́ sí kọ́ńpìnnì. Wọ́n ní kí n lọ bá Ọlọ́run.

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ṣé Ọlọ́run ló gbàgbé láti ra wáyà ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà, inú bí mi sí yín. Ẹ wá kí mi nílé, ẹ gbàdúrà, mo dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo ní mo fẹ́ wá lọ́yà, ẹ ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Díákónì kan, ó mọ ara rẹ̀, ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ta ló fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́?

Mo gba àdúrà tèmi. Kò gùn. Mo ní, "Ọlọ́run, wọ́n ní ìwọ ni. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ fún mi kí n dákẹ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ, yọ ara rẹ níbẹ̀, kó o sì yọ mí mọ́ ọn."

Ẹni tí Ọlọ́run kọ́kọ́ rán sí mi kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlájà Sìfáwù ni, tá a jọ ń gbé agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń ta léèsì ní ọjà Balógun. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi ìborùn bo imú. "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹsẹ̀ yín ti ń rùn dé yàrá mi o. Ṣé títí tó máa fi já bọ́ lẹ fẹ́ fi dákẹ́?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

"N ò ní fi yín sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe lọ́yà. Àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ omi ló ń gbẹjọ́ wọn rò, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ tálákà. Ẹ dìde."

Mo ní, "Àlájà, ẹsẹ̀ wo ni kí n fi dìde?"

"Háà! Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín." La bá bú sẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, nínú òórùn yẹn.

Báríìsítà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlájà yẹn, gbọ́ tèmi tán. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní Kápútéènì ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jẹ́rìí nípa wáyà. Ó ní ohun tó wá le jù ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu ara mi sọ. Ọjọ́ yẹn, mo bú ẹnu mi.

Wọ́n pè wá sí Ìkòyí, pé kí adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá àwa àti kọ́ńpìnnì làjà. A jókòó, a ń retí Mánéjà. Nígbà tó máa dé, ó ń làágùn. Ó ní ẹnì kan fi mọ́tò kọ lu òun lẹ́yìn ní Òbáléńdé.

N ò fẹ́ kí i. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo ní, "Ẹ kú ewu o, sà."

Ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Háà, Bàbá, àmúwá Ọlọ́run ni. A dúpẹ́."

Àlájà tó tẹ̀ lé mi wá fi ìgúnpá gún mi níhà. Báríìsítà ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ewu, sà," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ẹni tó kọ lù yín ńkọ́? Ẹ ti ní kó máa lọ?"

"Kó máa lọ síbo? Bíréèkì rẹ̀ ò dáa, ó mọ̀ pé kò dáa, ó sì gbé e jáde! Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á tún mọ́tò mi ṣe ni!"

"Ṣebí ẹ ní àmúwá Ọlọ́run ni?"

"Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, a kàn fi ń…"

Ó ti gbọ́ ara rẹ̀.

Adájọ́ yọ awò ojú. "Mánéjà, wáyà tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò dáa?"

Lọ́yà wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tí Ọlọ́run bá ti là, ta ló máa pa á dé? Mánéjà wolẹ̀. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi, sà."

Halelúyà! Àwọn yòókù rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. Ìbínú ni. Ọ̀rọ̀ kan náà! Lẹ́nu tiẹ̀, ìkíni ni. Lẹ́nu tèmi, wọ́n fi di ẹ̀bi ru Ọlọ́run.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kọ́ńpìnnì gbà láti wò mí títí n ó fi rìn. Wọ́n tún ẹsẹ̀ ṣe. Wọn ò gé e. Kò ṣeé ká mọ́, n ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Ọlọ́run mọ ẹni tó gba ìkúnlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Àmọ́ bí Àdùkẹ́ ṣe ń ka èyí, ẹ wò mí, mo wà lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ mi ni.

Ẹ bá mi yọ̀ o, ará. Ẹni tó bá fara pa níbi iṣẹ́ nínú yín, tí ọ̀gá rẹ̀ bá wá kí i, kó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kó dákẹ́ síbẹ̀. Kó wá lọ́yà, kó sì gbàdúrà. Ọlọ́run wa kì í fi wáyà gbígbó fa báàjì. Ògo ni fún un, orúkọ rẹ̀ ti mọ́.

Àdùkẹ́, ó tó. Kà á sí mi létí. Kà á sókè, kí Àlájà náà gbọ́ ní yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó o bá dé ibi tí Mánéjà ti dá mi lóhùn, má sáré.